Ìlàjì Hóró Kan Sí I

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ti ìlẹ̀kùn ilé ìdáná, ó gbé àwo pẹlẹbẹ kékeré kan ka orí tábìlì, ó yọ bíléèdì tuntun nínú bébà rẹ̀, ó sì gé hóró oògùn kan sí méjì. Ìlàjì kan fò lọ sábẹ́ tábìlì. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ wá a títí ó fi rí i, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀ dànù, ó sì gbé e mì pẹ̀lú odindi hóró tí dókítà ní kó máa lò. Ó wá jókòó, ó ń retí bóyá nǹkan kan yóò ṣe òun. Nǹkan kan kò ṣe é. Ó dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin yìí. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù náà, yàrá gígùn kan tó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta lẹ́yìn, tábìlì ìlọṣọ méjì níwájú, àti irin gbọọrọ tí wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ kọ́ sí. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gé gẹ̀gẹ̀ tó so mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì gé ohun kékeré kan mọ́ ọn, èyí tí gbogbo ènìyàn ní lábẹ́ gògóńgò, tó máa ń sọ fún ara bí yóò ṣe yára tó. Láti ìgbà náà, hóró oògùn kan ní àràárọ̀, kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, ló ń ṣe iṣẹ́ ohun tí wọ́n gé. Dókítà àgbà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà ti kìlọ̀ fún un: "Oògùn yìí, títí ayé ni o. Bí o bá gbàgbé oúnjẹ, má gbàgbé rẹ̀." Kò sì gbàgbé rẹ̀ rí.

Kí ló wá dé tó fi ń gé oògùn lẹ́yìn ìlẹ̀kùn? Iná ni.

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ó ń sùn, oorun kò tó. Ó ń wọ súwẹ́tà níwájú áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Irun rẹ̀ ń bá kóòmù lọ. Orúkọ àwọn oníbàárà tó ti ń fọ aṣọ wọn láti ọdún mẹ́wàá ń sá mọ́ ọn lẹ́nu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé orí lé òkìtì aṣọ ìbora, oorun gbé e lọ. Èéfín ló jí i, ó sì pẹ́ kí ó tó jí. Áyọ́ọ̀nù kan ti jó aṣọ, ó ti jó tábìlì, iná ti gun aṣọ tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn níbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń pariwo. Àwọn ará àdúgbò ló fọ́ fèrèsé tí wọ́n fi fà á jáde. Kò kú, ṣùgbọ́n iná bó apá òsì rẹ̀ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé e kọjá, ẹ̀gbọ́n rí awọ apá náà bó ṣe ń ṣí. Àwòrán yẹn kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́.

"Èmi ni mo sun ún," ló máa ń sọ fún ara rẹ̀. "Oorun mi ló sun ún."

Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà àgbà ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló jókòó sórí àga rẹ̀, tó ń wo kọ̀ǹpútà ju bó ṣe ń wo ojú ènìyàn lọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, èsì dé.

"Ìyá, kò sí wàhálà," ni dókítà wí. "Oògùn yín ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ."

"Dókítà, mo ń sùn lórí ìdúró."

"Bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ẹ máa sinmi."

"Bí mo bá tún sinmi ju báyìí lọ, ẹ ó kúkú sin mí ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó sì ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.

Alágbàfọ̀ padà sílé, ó ń rò ó. Bí iṣẹ́ oògùn bá jẹ́ láti sọ fún ara pé kó yára, tí ara kò sì yára, ṣebí oògùn ló kéré? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ìdí bíléèdì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní òwúrọ̀ kan ó rí i pé òun ti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kí òun tó ronú àtidìde. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó bọ́ súwẹ́tà. Ó lọ ogún ẹ̀wù funfun kí oòrùn tó kan àtàrí, ó tún ń wá iṣẹ́ kún un. Aṣọ tí wọ́n bá kó wá lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Ìyá Wéréwéré.

"Ẹ ṣọ́ra o," ni àbúrò rẹ̀ máa ń wí fún wọn, "ẹ jẹ́ kí ohùn yín ròkè dáadáa. Bó bá fi lè wálẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti ba ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ jẹ́ nìyẹn."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára okùn áyọ́ọ̀nù. Kí ó tó jáde, á yọ ọ́ kúrò lára iná. Bó bá dé ojú ọ̀nà, á padà wá wò ó bóyá òun yọ ọ́ lóòótọ́.

Ìwé dókítà kò mọ̀ nípa ìlàjì hóró, nítorí náà oògùn rẹ̀ ń tètè tán. Oníkẹ́mísì kan wà ní òdìkejì ọ̀nà, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ń kó ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ wá fọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí alágbàfọ̀ wá ra oògùn láìmú ìwé lọ́wọ́, ọkùnrin náà wò ó láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Ìwé dà?"

"Ó wà nílé. Àbí ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Èmi mọ̀ yín. Oògùn yìí lẹ ò mọ̀. Bó ṣe kéré lójú yẹn kọ́ ló rí o."

Ó tà á fún un. Nígbà kejì kò tilẹ̀ béèrè ìwé mọ́.

Gbogbo ohun tó ń lò ló ń kọ sínú ìwé kékeré kan tó ń fi pamọ́ sábẹ́ agolo sítáàṣì: ọjọ́, iye hóró, bí ara ṣe rí. Kì í ṣe aláìbìkítà ènìyàn. Ó gbà pé òun mọ ara òun ju dókítà lọ, torí dókítà ń rí i ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, òun sì ń gbé inú ara náà lójoojúmọ́. Ta ni yóò sọ pé irọ́ ló pa?

Nígbà tó di oṣù kẹta, ó yán lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra níwájú tábìlì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹlòmíràn á yán, á gbàgbé. Ní tirẹ̀, àyà rẹ̀ já pàà. Ó gbóòórùn èéfín tí kò sí níbẹ̀. Ó wo apá àbúrò rẹ̀ tó ń ṣa aṣọ jọ, àpá iná náà ń dán lórí rẹ̀ bí ike tó yọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò wá bíléèdì mọ́. Odindi hóró méjì ló gbé mì.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ pé. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ọ̀dọ́ náà kò wo kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ ló ń wò, ó sì wò ó pẹ́.

"Ìyá, ẹ ti rù."

"Mo ti sanra jù tẹ́lẹ̀ ni."

"Ẹ na ọwọ́ síwájú fún mi."

Ó nà án. Dókítà gbé abala ìwé kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Ìwé ń gbọ̀n rìrì bí ewé.

"Áyọ́ọ̀nù ni," ló yára wí. "Áyọ́ọ̀nù wa wúwo."

Dókítà yí èsì àyẹ̀wò sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ wo nọ́ńbà yìí. Ọpọlọ ló máa ń kígbe pé kí iṣẹ́ ọrùn pọ̀ sí i. Igbe yẹn là ń wọ̀n níbí. Bí oògùn bá kéré, igbe á pọ̀. Bí oògùn bá pọ̀ jù, ọpọlọ á panu mọ́. Tiyín ti panu mọ́ pátápátá. Ìyá, hóró mélòó lẹ ń lò lóòjọ́?"

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí i.

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan péré?"

"Èyí tí ẹ kọ fún mi."

Dókítà fa pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ mọ́ra. Ó wá ní, "Bó bá jẹ́ ọ̀kan, a jẹ́ pé ọ̀kan ti pọ̀ jù fún yín nìyẹn. Màá dín in kù. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí ara bá ń sáré báyìí láìdúró, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹlẹgẹ́, ọkàn náà á sì ṣìnà. Mo ti rí i lára ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ rí i lára yín."

Ó kọ oògùn tí agbára rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Alágbàfọ̀ gba ìwé, ó dúpẹ́, ó jáde. Ohun méjì ló ń dẹ́rù bà á báyìí, wọ́n sì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì: ọkàn tó lè ṣìnà, àti oorun tó lè padà wá. Ó gbé wọn wọ̀n nínú ara rẹ̀. Oorun ló wúwo jù. Ó ká ìwé dókítà sí mẹ́rin, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì. Hóró méjì rẹ̀ kò yẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sá fún fóònù. Ilé ìwòsàn pè é pé kó wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Kò gbé e. Wọ́n tún pè. Bó bá ti rí nọ́ńbà wọn, á da fóònù dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, á máa wò ó títí yóò fi dákẹ́, bí ẹni ń wo ejò tó ń kọjá lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkàn rẹ̀ kọsẹ̀, kọ́tù agbẹjọ́rò kan ló ń lọ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ọkàn rẹ̀ lù kì, kì, kì, ó sì dúró. Kò pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ó gbọ́ gbogbo nǹkan: omi tó ń kán sínú bókẹ́ẹ̀tì, bọ́tìnnì tó ń ró nínú ẹ̀rọ, àbúrò rẹ̀ tó ń kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ọkàn lù gbì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni fi ẹsẹ̀ ta ìlẹ̀kùn láti inú, ó sì mú eré pọ̀n.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Ó yọ ọ́ lára iná kí ó tó di àyà mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

"Kò sí. Ooru ni."

"Fèrèsé ṣí sílẹ̀ o."

"Mo ní ooru ni!"

Kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àbúrò náà wò ó, ó padà sẹ́yìn, kò kọrin mọ́. Nínú ìwé tó wà lábẹ́ agolo, alágbàfọ̀ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé: hóró méjì, ara le. Ìwé tó ti ń sọ òtítọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ló wá ń purọ́ fún yìí.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ mọ́, nítorí ó ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ nínú ìrọ̀rí. Bó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, á kọ́kọ́ dúró ní ìsàlẹ̀, á wò ó sókè bí ẹni ń wo òkè ńlá. Ẹ̀rù ń bà á láti dá wà, ẹ̀rù sì ń bà á kí ẹnikẹ́ni má rí i. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó tún yọ bíléèdì, ó fẹ́ gé hóró kejì sí méjì, kó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ó gbé bíléèdì lé e. Ó rí apá tó ń bó. Ó gbé bíléèdì kalẹ̀, ó da hóró méjèèjì sẹ́nu, ó fi omi tì í. Oògùn ń bà á lẹ́rù, àìlo oògùn ń bà á lẹ́rù.

Ọjọ́bọ̀ kan, bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnìkan mú etí méjì, ẹnìkejì mú etí méjì, wọ́n á nà án, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, wọ́n á tún padà sẹ́yìn. Wọ́n ti ká mọ́kànlá. Nígbà tí alágbàfọ̀ ń rìn lọ pàdé àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ìkejìlá, ọkàn rẹ̀ já okùn. Lọ́tẹ̀ yìí kò kọsẹ̀ kó tún padà bọ̀ sípò. Ó ń gbọn ìyẹ́ kiri inú àyà rẹ̀ bí ẹyẹ tó há sínú yàrá, tó ń sọ ara mọ́ ògiri níhìn-ín, mọ́ fèrèsé lọ́hùn-ún. Etí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbá a mú, ó ti ń wọ́lẹ̀!" ni àbúrò wí. Aṣọ ló ń sọ. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi!"

Alágbàfọ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ooru ni. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Àbúrò figbe ta, oníkẹ́mísì sì sáré gba títì kọjá tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ṣì í kà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ wá ọkọ̀," ló wí. "Kíá!"

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà rẹ̀, mọ́ apá, mọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí ìwé, ìlà náà ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà gbágungbàgun. Nọ́ọ̀sì kan ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìdúró. Orúkọ? Ọdún mélòó? Oògùn wo lẹ ń lò?

"Ti ọrùn," ló rọra wí.

"Mélòó?"

"Ọ̀kan."

Dókítà ọ̀dọ́ náà ti wọlé. Wọ́n ti lọ pè é. Ó tẹ̀ba lé e lórí, ohùn rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó ń yára.

"Ìyá, mo bẹ yín. Oògùn tí a fẹ́ fún yín báyìí, iye tí ẹ ti lò ló máa jẹ́ ká mọ bí a ó ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Mélòó?"

Ó lanu. Ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òun bá sọ ọ́. Wọ́n á gba oògùn lọ́wọ́ òun. Ara á wúwo. Orí á tẹ̀ sórí òkìtì aṣọ. Ọkàn rẹ̀ ń gbọn ìyẹ́, ikú wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá náà gan-an, síbẹ̀ oorun ló ń bẹ̀rù.

"Ọ̀—"

"Méjì ni," ni àbúrò rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn. "Méjì lóòjọ́. Ó ti lé lóṣù mẹ́ta." Ó fa ìwé kékeré yẹn yọ nínú báàgì. "Gbogbo rẹ̀ wà níbí. Mo rí i lábẹ́ agolo láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ò jẹ́. Mo ń gbé e kiri láti àárọ̀ òní, mo ń wá ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀."

Dókítà gba ìwé náà, ó ń ṣí i lórí ìdúró. Kò pariwo. Ó sọ nǹkan fún nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sáré lọ, ó gbé abẹ́rẹ́ bọ̀. Ohun tí alágbàfọ̀ rántí gbẹ̀yìn lọ́jọ́ náà ni àjà funfun, àti ọwọ́ àbúrò rẹ̀ tó tutù bí omi kànga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkàn náà ti rọlẹ̀. Dókítà fa àga, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ purọ́ fún mi, Ìyá."

"Mo purọ́."

"Kí ló dé?"

Ó sọ ọ́. Ó sọ òkìtì aṣọ ìbora, ó sọ èéfín, ó sọ awọ tó ń ṣí. Àbúrò rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tó parí, dókítà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé ẹ ń sùn lórí ìdúró," ló wí. "Mo ní kí ẹ lọ sinmi. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo wò, mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ó yẹ kí n wá ibòmíràn tí ó ti lè máa rẹ̀ yín. Mi ò wá a. Mo máa wá a báyìí." Ó dìde. "Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ tún dá oògùn fún ara yín mọ́. Díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ bá a lọ."

Bó ṣe jáde, àbúrò kò gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, áyọ́ọ̀nù ọjọ́ yẹn—"

"Mo ti ní kó o má dá a sílẹ̀ mọ́. Mo ti bẹ̀ ọ́ tó."

"Èmi ni mo tàn án."

Alágbàfọ̀ kò lóye ohun tó gbọ́.

"Ẹ ti yọ tiyín lára iná. Mo rí i pé ẹ ń sùn. Mo ní kí n bá yín lọ ẹ̀wù méjì tó kù, kẹ́ ẹ lè sinmi. Mo gbé e lé orí aṣọ, mo gbọ́ tí omi ń ya lára ẹ̀rọ lẹ́yìn, mo sáré lọ. Mo gbàgbé. Nígbà tí mo lajú nílé ìwòsàn, ẹ̀yin lẹ wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́ ẹ ń bẹ̀ mí. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní kó di ọ̀la. Bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú mi sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i láti sọ."

Ẹ̀rọ tó wà lókè orí alágbàfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíákíá. Nọ́ọ̀sì yọjú.

"Jáde," ni alágbàfọ̀ wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi—"

"Mo ní kó o jáde. Ìwọ lo fi mí sórí bẹ́ẹ̀dì yìí."

Ọjọ́ méjì ni kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé e fún nọ́ọ̀sì, ó ń jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi máa lé àwọn àlejò. Alágbàfọ̀ ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kùn. Inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń bẹ̀rù pé ìbínú náà yóò ta ọkàn òun jí. Ó wo gbogbo òwúrọ̀ tó ti fi gbé ẹ̀rù mì pẹ̀lú oògùn, ó wò ó pé irọ́ ni òun fi ń ṣe oúnjẹ jẹ. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí nọ́ọ̀sì pe bàtà tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn wọlé.

Àbúrò wọlé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ìwọ tan iná sí i, o gbàgbé. Èmi sùn, èéfín dé imú mi, mi ò mọ̀. Ìyẹn ò kúrò lọ́rùn mi. Tìẹ ni pé o jẹ́ kí n dá a gbé. Mi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n má jókòó síta mọ́, òtútù wà níbẹ̀."

Àbúrò sunkún títí imú rẹ̀ fi pọ́n.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tuntun dé. Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ mú un wọlé. "Ìyá, wọ́n ti rí i o. Áyọ́ọ̀nù ni kò tó lára yín."

"Áyọ́ọ̀nù?" Alágbàfọ̀ wo àbúrò rẹ̀. "Èmi tí mo ní mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù?"

Ẹ̀rín pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́sẹ̀ náà. Dókítà wá ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wí, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń pọ̀ jù láti bí ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ ń lọ, kò sì sóhun tó ń dá a padà. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ó rẹ̀ ẹ́, tí òtútù fi ń mú un, tí irun fi ń bọ́. Oògùn ọrùn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Agbára tó sì rí nígbà tó ń fi kún un, eré sísá ni, kì í ṣe ìlera.

Wọ́n dá a padà sí hóró kan lóòjọ́. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí ó jẹ́ kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín rẹ̀ àti ti ọrùn. Wọ́n fún un ní ti ọkàn, àti èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni kí ó máa wá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ni oníkẹ́mísì wí nígbà tó wá kí i. Ojú ń ti òun náà. Ó ní láìsí ìwé, òun kì yóò ta á fún un mọ́, ì báà jẹ́ òun ni yóò máa fọ ẹ̀wù òun fúnra òun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló burú jù. Agbára tó yá ti lọ, ti ẹ̀jẹ̀ kò tíì dé. Ara rẹ̀ tún wúwo. Bó bá yán, gbogbo ara rẹ̀ á tutù. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó jókòó níwájú páálí oògùn fún bí ìdajì wákàtí, hóró kan ti wọnú, ìka rẹ̀ sì wà lórí èkejì. Ó pẹ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní kó wá bá òun gbé e kúrò níwájú òun. Àbúrò gbé e lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Kò yára bíi ti Ìyá Wéréwéré. Aṣọ ọjọ́ Ajé ń di Ọjọ́rú kí ó tó jáde, àwọn oníbàárà kan kùn, àwọn kan bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù ṣì ń kó aṣọ wá.

Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó tún jókòó níwájú dókítà. Nọ́ńbà igbe ọpọlọ ti padà síbi tó yẹ kó wà. Ẹ̀jẹ̀ ti ń gòkè. Ti ọkàn ni wọn ò tíì lè sọ.

"Ṣé ó ṣì máa ń kọsẹ̀?"

"Ó máa ń kọsẹ̀. Kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ó lè dáwọ́ dúró. Ó sì lè má dáwọ́ dúró, Ìyá. Mi ò ní tàn yín."

Alágbàfọ̀ mi orí. Ó ní ohun kan tó ti ń gbé lọ́kàn bọ̀ láti ilé. "Bó bá tún rẹ̀ mí ńkọ́, tí nọ́ńbà sì ní kò rẹ̀ mí?"

Dókítà yí ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ẹ wá bá mi. A ó jọ wá ohun tí nọ́ńbà ò mọ̀."

"Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ló wà níbí nígbà náà ńkọ́?"

Dókítà fa ìwé ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ra. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, láti orí iná dé orí bíléèdì, ó sì ka ohun tó kọ fún un kí ó tó lọ.

Ó jáde. Lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ọkàn rẹ̀ lù, ó lù, ó sì fo ọ̀kan. Ó di irin àtẹ̀gùn mú. Ẹ̀rù bà á, bó ṣe máa ń bà á nígbà gbogbo, láti àtẹ́lẹsẹ̀ gòkè. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹnìkan ní kó pẹ̀lẹ́. Ó dúró títí ọkàn náà fi bọ́ sójú ìlà, ó tún ka ogún lé e. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òkìtì kọ́tìnnì ilé ìwé kan ti ń dúró de òun àti àbúrò rẹ̀ láti àná.